Ohun tí ìtọ̀ lè sọ nípa jẹjẹrẹ ọmú

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó bá pàdé nínú ẹ̀kọ́ yìí

Jẹjẹrẹ: àrùn tí ó máa ń mú kí apá kan nínú ara dàgbà láìdúró, tí ó sì ń ba ibi tí ó yí i ká jẹ́.

Purotéènì: èròjà tí ara fi ń kọ́ ara rẹ̀, tí ó sì fi ń ṣiṣẹ́. A máa ń rí i jẹ nínú ẹran, ẹja, ẹ̀wà àti ẹyin. Ara wa náà sì ń ṣe oríṣiríṣi rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kíndìnrín: ẹ̀yà ara méjì tí ó wà nínú ikùn lápá ẹ̀yìn. Òun ni ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń mú ìtọ̀ jáde.

1. Ìtọ̀ ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu

Gbogbo wa ni a ń tọ̀ lójoojúmọ́. Bí a bá ti tọ̀ tán, ó parí nìyẹn, a kì í ronú kàn án mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà ti mọ̀ pé ìtọ̀ ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Bí ènìyàn bá tọ̀ sílẹ̀, tí èèrà sì bo ibẹ̀, wọn a ní kí a kíyè sí onítọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe àrùn kan ní ìtọ̀ ṣúgà. Bí ọmọdé tó máa ń wẹ̀ nínú odò bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, a máa ń sọ pé àtọ̀sí ajá ló mú un.

Obìnrin tó bá ti lóyún rí, tó sì lọ gba ìtọ́jú aláboyún, mọ ìgò kékeré tí nọ́ọ̀sì máa ń gbé lé ni lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì á ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ̀ díẹ̀ sínú èyí wá." Lẹ́yìn náà, á ti pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ìtọ̀ náà. Bí àwọ̀ pépà náà bá yí padà, nọ́ọ̀sì á mọ̀ bóyá ṣúgà wà nínú ìtọ̀ náà, tàbí purotéènì. Bí purotéènì bá pọ̀ nínú ìtọ̀ aboyún, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru, ewu ńlá ni fún ìyá àti ọmọ. Nípa ìtọ̀ inú ìgò kékeré yẹn, wọ́n ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyá lọ́wọ́ ikú.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ìtọ̀ lè sọ fún wa pẹ̀lú pé jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọmú obìnrin? Ṣé ó lè sọ ọ́ nígbà tí kókó náà ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò lè bà á? Ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ń bi ara wọn nìyí. Òun náà ni a ó kọ́ nípa rẹ̀ lónìí.

2. Kí ló dé tí a fi fẹ́ tètè rí àrùn yìí?

Ara ènìyàn kún fún àwọn ohun tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí búlọ́ọ̀kù ṣe ń para pọ̀ di ilé, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ń para pọ̀ di ara. Sẹ́ẹ̀lì máa ń pọ̀ sí i nígbà tí ara bá nílò rẹ̀. Bí ó bá ti tó, á dúró. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dúró. Á máa pọ̀ sí i ṣáá, títí yóò fi di kókó.

Bí a kò bá fọwọ́ kan kókó náà, ó lè rin ìrìn àjò. Á kọ́kọ́ dé abíyá. Láti ibẹ̀, ó lè dé eegun, ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọpọlọ pàápàá. Nígbà tí kókó ṣì wà nínú ọmú nìkan, dókítà lè gé e kúrò, kó sì fi oògùn àti ìtọ́jú mìíràn tì í lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí a tọ́jú ní àkókò yẹn ló ń wà láàyè pẹ́ títí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti tàn kálẹ̀, iṣẹ́ náà á le fún dókítà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà tí ìrókò bá wà ní kékeré ni a ti ń gé e. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni jẹjẹrẹ ọmú.

Àrùn yìí kì í ṣe àrùn àwọn ènìyàn díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2022, nǹkan bí 2,300,000 obìnrin ni a rí àrùn yìí lára wọn ní gbogbo ayé. Ní ọdún kan náà, nǹkan bí 670,000 ènìyàn ló ti ipa rẹ̀ kú. Ó ń mú ọkùnrin pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀: nínú 100 ẹni tó ní in, ọkùnrin kò ju ẹyọ kan lọ. Ó sì yẹ kí a mọ̀ pé nǹkan bí ìdajì àwọn obìnrin tí ó ń mú ni kò ní ohun kan pàtó tó fà á, ju pé wọ́n jẹ́ obìnrin tí ọjọ́ orí wọn ti ń gòkè. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Kò sí nínú ìdílé wa, kò lè mú mi."

Ní àwọn ìlú tí owó wà, wọ́n ní ẹ̀rọ kan tí ń ya fọ́tò inú ọmú. Mamogíráàmù ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ náà lè fi kókó hàn kí ọwọ́ tó bà á. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó ń fẹ́ iná mànàmáná, ó sì ń fẹ́ ẹni tó mọ fọ́tò náà kà. Àwọn ọsibítù ńlá inú ìlú la ti máa ń rí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í sábà ríran dáadáa nínú ọmú àwọn obìnrin tí wọn kò tí ì dàgbà púpọ̀, nítorí ọmú wọn ki ju ti àgbàlagbà lọ.

Ẹ wá rí i pé bí ó bá jẹ́ ìtọ̀ nìkan ni a nílò, nǹkan á rọrùn. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí bíbọ́ aṣọ níwájú àlejò, kò sí ìrìn àjò lọ sí ìlú ńlá. Obìnrin á tọ̀ sínú ìgò ní ilé ìgbẹ̀bí abúlé rẹ̀, wọn á sì gbé ìgò náà lọ fún àyẹ̀wò. Ìdí tí àwọn onímọ̀ fi ń sapá nìyí.

3. Báwo ni ohun tó wà nínú ọmú ṣe ń dé inú ìtọ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin tó ń sẹ́ ògì. Ó da àgbàdo lílọ̀ sórí asẹ́, ó ń bu omi lé e. Omi ògì ń jò kọjá, eèrí dúró sórí asẹ́. Iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe jọ èyí. Ẹ̀jẹ̀ tí ń yí gbogbo ara ká máa ń gba inú kíndìnrín kọjá. Omi àti ìdọ̀tí á jò kọjá, wọn á di ìtọ̀. Ohun tó dára, tó sì tóbi, á dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Purotéènì wà lára ohun tí asẹ́ yìí máa ń dá dúró.

Ṣùgbọ́n kò sí asẹ́ tí nǹkan díẹ̀ kì í jò nínú rẹ̀. Ìtọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le koko pàápàá ní purotéènì díẹ̀ nínú. Àwọn purotéènì wọ̀nyí wá láti ibi púpọ̀ nínú ara. Bí ẹni pé gbogbo ará ilé fi ìwé kékeré kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ síta ni. Iṣẹ́ onímọ̀ ni láti kó àwọn ìwé náà jọ, kí ó sì kà wọ́n.

Kí ni jẹjẹrẹ ọmú ń kọ sínú ìwé tirẹ̀? Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ara kì í ṣàdédé dúró. Nǹkan kan wà tó dì wọ́n mú bí àwọ̀n. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá fẹ́ jáde kúrò ní àyè rẹ̀, àfi kó gé àwọ̀n yìí. Àgbẹ̀ tó fẹ́ wọ inú igbó kìjikìji á mú àdá, á máa fi lànà. Jẹjẹrẹ náà ní àdá tirẹ̀. Oríṣi purotéènì kan tí ń gé nǹkan ni. Àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé àdá kan nínú wọn ní MMP, wọ́n sì ń pe òmíràn tó fara jọ ọ́ ní ADAM 12. Díẹ̀ nínú àdá wọ̀nyí máa ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ, a sì ti rí wọn nínú ìtọ̀.

4. Ìtọ̀ oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ àti jẹjẹrẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1845, oníṣòwò kan ń ṣàìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Eegun ń ro ó gidigidi. Àwọn dókítà méjì tó ń tọ́jú rẹ̀ bu ìtọ̀ rẹ̀ sínú ìgò, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí oníṣègùn mìíràn tó mọ̀ nípa èròjà inú ara dáadáa. Orúkọ rẹ̀ ni Henry Bence Jones.

Bence Jones da ásíìdì sínú ìtọ̀ náà, nǹkan kan dì nínú rẹ̀. Ó gbé e ka iná, ohun tó dì yọ́. Ó jẹ́ kó tutù, ó tún dì. Ìyanu ni èyí jẹ́. Ẹ wo funfun ẹyin: òun náà, purotéènì ni. Bí a bá sè é, á dì, kò sì ní yọ́ mọ́ láéláé. Èyí tó wà nínú ìtọ̀ oníṣòwò yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Purotéènì àjèjì ni.

Ọkùnrin náà kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1846. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé eegun rẹ̀ ti rọ̀. Bence Jones kọ ohun tó rí sínú ìwé ní ọdún 1847 àti 1848. Lẹ́yìn náà ni ó wá yé àwọn dókítà pé jẹjẹrẹ tó ń mú mùdùnmúdùn eegun ni, àti pé jẹjẹrẹ náà gan-an ló ń ṣe purotéènì yẹn. Títí di òní, wọ́n ṣì ń wá a nínú ìtọ̀ ẹni tí wọ́n bá fura pé ó ní àrùn náà.

Ẹ̀kọ́ méjì la rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní: jẹjẹrẹ lè fi àmì sílẹ̀ nínú ìtọ̀. Èkejì: àmì náà kò gba oníṣòwò yẹn là, nítorí àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára kí wọ́n tó rí i. Àmì tó pẹ́ kó tó dé kò ṣàǹfààní tó èyí tó tètè dé.

5. Àmì tí gbogbo wa mọ̀: ti oyún

Ìtọ̀ tún ní àmì mìíràn tí kì í ṣe ti àrùn. Ní ọdún 1928, àwọn dókítà méjì ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, Selmar Aschheim àti Bernhard Zondek, tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí bí a ṣe lè fi ìtọ̀ mọ̀ bóyá obìnrin lóyún. Wọ́n á fa ìtọ̀ obìnrin sínú abẹ́rẹ́, wọ́n á gún un fún abo eku kékeré. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á yẹ inú eku náà wò. Bí obìnrin náà bá lóyún, ilé ẹyin inú eku á ti yí padà.

Lónìí, a kò lo eku mọ́. Pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ti gba iṣẹ́ eku ṣe. Obìnrin á tì í bọ inú ìtọ̀ rẹ̀, á rí ilà, á sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Kí ló jẹ́ kí ti oyún rọrùn? Ìdí ni pé èròjà tí pépà náà ń wá máa ń pọ̀ gan-an nínú ara aboyún, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára ẹni tí kò lóyún. Ó dà bí ìgbà tí a lu agogo: ẹni tó bá létí á gbọ́. Ti jẹjẹrẹ ọmú kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láàárín ọjà ni.

6. Ibi tí àwọn onímọ̀ bá iṣẹ́ dé

Láìka èyí sí, àwọn kan dẹ etí wọn sílẹ̀. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ìyáàfin onímọ̀ kan wà tí ń jẹ́ Marsha Moses. Ní ọdún 1998, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé àwọn rí àdá MMP nínú ìtọ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ ju bí àwọn ṣe rí i nínú ìtọ̀ àwọn tí ara wọn le. Ní ọdún 2004, wọ́n kọ̀wé pé àwọn rí ADAM 12 nínú ìtọ̀ àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú, àti pé bí àrùn náà ṣe ń le sí i ni ó ń pọ̀ sí i.

Ní ọdún 2008, wọ́n tẹ̀ síwájú. Wọ́n yẹ ìtọ̀ àwọn obìnrin kan wò tí wọn kò tí ì ní jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n tí sẹ́ẹ̀lì ọmú wọn ti ń yí padà lọ́nà tó lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú. Wọ́n rí i pé ADAM 12 àti MMP-9 lè jẹ́ àmì fún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ìròyìn yìí mú inú àwọn onímọ̀ dùn, nítorí ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí àmì yọ kí àrùn tó fìdí múlẹ̀.

Ní ìlú Sydney ní Ọsirélíà, àwọn onímọ̀ mìíràn gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Wọn kò wá purotéènì kan tàbí méjì. Wọ́n lo ẹ̀rọ tí ń wọn ìwúwo àwọn èròjà tíntìntín láti wo gbogbo purotéènì tí wọ́n bá lè rí nínú ìtọ̀. Iṣẹ́ yìí jáde ní ọdún 2015. Wọ́n gba ìtọ̀ lọ́wọ́ 20 obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú, àti lọ́wọ́ 20 tí kò ní in. Wọ́n rí 59 purotéènì tí iye wọn yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Àwọn kan jẹ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àrùn, àwọn kan jẹ mọ́ èyí tó ti tàn kálẹ̀.

7. Kí ló dé tí àyẹ̀wò náà kò tí ì dé ọ̀dọ̀ wa?

Ẹnìkan lè ní, "Bí wọ́n bá ti rí i, kí ni wọ́n tún ń dúró dè?" Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí.

Èkíní, purotéènì wọ̀nyí kéré púpọ̀ nínú ìtọ̀. Ẹ̀rọ tó lè rí wọn wọ́n gan-an.

Èkejì, kì í ṣe jẹjẹrẹ ọmú nìkan ló ń lo àdá. Nígbà tí ọgbẹ́ bá ń jinná, ara tó ń tún ara rẹ̀ ṣe máa ń lo irú àdá bẹ́ẹ̀. Àwọn jẹjẹrẹ mìíràn náà ń lò ó. Ẹni tó bá rí àdá lójú ọ̀nà kò lè sọ pé olè ló ni ín. Ó lè jẹ́ ti àgbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìtọ̀ kì í rí bákan náà lójoojúmọ́. Ẹni tó mu omi púpọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ á ṣàn bí omi. Ẹni tó ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láìmu omi, tirẹ̀ á ki. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ní láti ṣe ìṣirò kí wọ́n tó lè fi ìtọ̀ kan wé òmíràn.

Ẹ̀kẹrin, 20 obìnrin kò tó. Ohun tí a rí lára 20 lè má rí bẹ́ẹ̀ lára 20,000. Orúkọ purotéènì tí ẹgbẹ́ onímọ̀ kan kọ sílẹ̀ kì í sábà bá ti ẹgbẹ́ kejì mu tán.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wo ewu tó wà nínú àyẹ̀wò tí kò péye. Àpẹẹrẹ lásán ni èyí o. Ká ní 1,000 obìnrin wá fún àyẹ̀wò, 10 nínú wọn ní jẹjẹrẹ ọmú, 990 kò ní in. Ká ní àyẹ̀wò náà rí 8 nínú 10 náà: ó ti fo 2. Àwọn 2 yìí á lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀, àrùn á sì máa dàgbà lára wọn. Ká tún ní nínú 10 obìnrin tí kò ní in, àyẹ̀wò náà ń fi ẹ̀sùn èké kan ẹyọ kan. Ẹ pín 990 sí ọ̀nà 10: ó jẹ́ 99. Ẹ wá ro 8 àti 99 pọ̀: ó di 107. Nínú 107 obìnrin tí a sọ fún pé, "Ó jọ pé ẹ ní in," 8 péré ló ní in lóòótọ́. Àwọn 99 yòókù á sunkún lásán, wọ́n á sì náwó lásán.

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ ló dá iṣẹ́ náà dúró. Bí a bá gbé àyẹ̀wò tí kò péye jáde, ó lè pa ènìyàn. Ní àkókò tí a kọ ẹ̀kọ́ yìí, kò sí àyẹ̀wò purotéènì inú ìtọ̀ tí àwọn ọsibítù ń lò láti fi mọ ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé pépà tàbí oògùn wá sí ọjà, tó ní, "Ẹ tọ̀ sí i, mo máa sọ bóyá ẹ ní jẹjẹrẹ ọmú," ẹ má ṣe fún un ní kọ́bọ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá sì rí purotéènì nínú ìtọ̀ yín ní ọsibítù, ẹ má ṣe rò pé jẹjẹrẹ ọmú ni. Ohun mìíràn ni pépà yẹn ń wá. Ẹ jẹ́ kí dókítà ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

8. Kí ni kí a ṣe nísinsìnyí?

Nígbà tí àyẹ̀wò ìtọ̀ kò tí ì dé, ojú wa àti ọwọ́ wa ṣì wà. Kí obìnrin kọ̀ọ̀kan mọ bí ọmú rẹ̀ ṣe máa ń rí, kí ó lè tètè mọ̀ bí ó bá yí padà. Nígbà tó bá ń wẹ̀ tàbí tó bá ń múra níwájú dígí, kó wò ó dáadáa. Àwọn àmì tó yẹ kó mú un lọ sí ọsibítù nìyí:

Kókó nínú ọmú tàbí ní abíyá, bí kò tilẹ̀ dùn ún.
Ọmú kan tó tóbi sí i tàbí tó yí padà, tí èkejì kò sì rí bẹ́ẹ̀.
Awọ ọmú tó jin wọnú, tàbí tó rí gbágungbàgun bí èèpo ọsàn.
Orí ọmú tó wọlé sínú, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.
Ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tó ń jáde lórí ọmú ẹni tí kò fún ọmọ lọ́mú.
Egbò lórí ọmú tí kò jinná.

Ẹ fi ojú sí àmì àkọ́kọ́ dáadáa. Kókó jẹjẹrẹ kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Àìdùn rẹ̀ yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ. Wọ́n á ní, "Kò kúkú dùn mí, á lọ fúnra rẹ̀." Ìgbà tó bá fi máa dùn wọ́n, ìrókò ti dàgbà. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rù má bà yín jù pẹ̀lú: èyí tó pọ̀ jù nínú kókó ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ. Dókítà nìkan ló lè mọ ìyàtọ̀. Á fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, á lè ya fọ́tò rẹ̀, á sì fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lára kókó náà lọ fún àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò abẹ́rẹ́ yìí ló ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀.

Àwọn kan á ní àfiṣe ni, ọ̀tá ló ń ta wọ́n. A kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kó gbé kókó náà dé iwájú dókítà ní ọ̀sẹ̀ tó rí i gan-an. Àwọn mìíràn ń tijú, wọ́n ń fi í pamọ́ fún ọkọ àti àna. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀yin bàbá, bí ìyàwó yín bá sọ fún yín pé òun rí kókó, ẹ má ṣe bínú, ẹ má sì sọ pé kó dúró di ìgbà tí a bá ta kòkó. Ẹ bá a lọ.

Ètò kan wà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021. Ó ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbìyànjú kí ó kéré tán 60 nínú 100 obìnrin tó ní àrùn yìí lè mọ̀ nígbà tó ṣì wà ní ìpele kìíní tàbí ìkejì. Kí àyẹ̀wò parí láàárín 60 ọjọ́ tí obìnrin bá ti dé ọsibítù. Kí 80 nínú 100 sì gba ìtọ́jú wọn parí. Ẹ wò ó: wọn kò dúró de ìtọ̀. Ohun tí a ní lọ́wọ́ nísinsìnyí ni wọ́n fi ṣe ìṣirò wọn.

Ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ kan dé tí nọ́ọ̀sì á ti pépà bọ inú ìtọ̀, tí á sì sọ fún obìnrin pé kó lọ rí dókítà nípa ọmú rẹ̀. A ń retí ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kókó kì í bá wa retí. Ẹni tó bá rí i lónìí, kó lọ lónìí.

9. Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Kí ni kíndìnrín fi jọ asẹ́ ògì?
2. Kí ni Bence Jones rí nínú ìtọ̀ oníṣòwò Lọ́ńdọ̀nù? Báwo ni ó ṣe yàtọ̀ sí funfun ẹyin?
3. Kí ló dé tí àyẹ̀wò oyún fi rọrùn ju àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọmú lọ?
4. Nínú àpẹẹrẹ 1,000 obìnrin, mélòó ni àyẹ̀wò náà fi ẹ̀sùn èké kàn? Mélòó ni ó fò?
5. Ẹ dárúkọ àmì mẹ́ta tó yẹ kó mú obìnrin lọ sí ọsibítù.
6. Ẹnìkan ń ta pépà tó ní ó ń fi ìtọ̀ mọ jẹjẹrẹ ọmú. Kí ni ẹ ó sọ fún un?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ wá ẹnìkan nínú ilé tàbí ládùúgbò yín tí kò tí ì mọ ìwé kà. Ẹ ka ẹ̀kọ́ kẹjọ yìí sókè fún un, kí ẹ sì bi í bóyá ó yé e.